Yanrìn Ìkọ́lé àti Àbàtà Tí Ó Gba Omi Dúró

Ìṣẹ̀rí-Olófin ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó jẹ́ ìlú àtayébáyé àwọn Àwórì, tí ìtàn so mọ́ Olófin Ògúnfúnminíre tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ṣùgbọ́n lónìí ilé ti so mọ́ ilé láti ibẹ̀ dé Ìdímù, Ẹgbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgàndò, débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ìlú kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, àwọn tí wọ́n sì ti dé sí i láti ìgbà náà kò kéré. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, yanrìn ni ó sì pọ̀ jù nínú búlọ́ọ̀kù. Yanrìn náà ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì àti òkúta láti fi da déékìn, òun ni wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, òun náà ni wọ́n sì ń dà sí ilẹ̀ olómi kí ó tó ṣeé kọ́lé sí. Ọ̀pọ̀ tíípà tí ń gba ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rí kọjá ni omi ṣì ń kán láti ìdí wọn, nítorí pé ẹrù inú wọn kò tíì pẹ́ tí ó kúrò lábẹ́ omi. Kókó ohun tí àsọyé yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni bí àwọn ènìyàn ṣe lè máa wa ohun tí wọ́n nílò láti inú ilẹ̀ àti inú omi láìjẹ́ pé wọ́n ba àwọn ibi tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ ààbò jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹni tí ó jókòó sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí kò rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní bèbè omi.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òtútù ti pọ̀, píìtì ni àríyànjiyàn yìí sábà máa ń dá lé. Píìtì ni ilẹ̀ dúdú tí ó ṣe múlọ́múlọ́ tí a ń bá nínú àbàtà, èyí tí ewé, gbòǹgbò àti igi tí ó ti kú dá sílẹ̀: nígbà tí omi bá bo àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kòkòrò aifojúrí tí ń mú nǹkan jẹrà kò sì lè ṣe iṣẹ́ wọn parí, nítorí náà ni ìdọ̀tí ewé náà ṣe ń gun orí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìwọ̀n mítà kan rẹ̀ fi lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó kójọ. Kábọ́ònù, ìyẹn èròjà tí ó wà nínú igi àti èédú, tí ó sì ń di afẹ́fẹ́ amáyégbóná nígbà tí nǹkan bá jóná tàbí tí ó bá jẹrà, wà nínú píìtì lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ilẹ̀ píìtì kò tilẹ̀ ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, kábọ́ònù tí ó wà nínú rẹ̀ ju èyí tí ó wà nínú gbogbo igi inú igbó ayé lọ. Àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ẹ láti ìgbà pípẹ́ láti fi dáná àti láti fi gbin òdòdó, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní píìtì tirẹ̀. Ní ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Britain àti Congo gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde pé ilẹ̀ píìtì tí ó fẹ̀ tó 145,500 kìlómítà níbùú lóròó wà nínú àbàtà àárín gbùngbùn agbami odò Congo, àti pé kábọ́ònù tí ó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ọgbọ̀n bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Apá kan nínú rẹ̀ wà nínú àwọn igbó tí ìjọba ti dáàbò bò, síbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2022, ìjọba Congo tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa gbé ilẹ̀ 30 síta fún títà fún àwọn awapo àti awagáàsì, díẹ̀ nínú wọn sì wọ inú ilẹ̀ píìtì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n fagi lé títa àwọn ilẹ̀ epo náà. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé kíkọ orúkọ ilẹ̀ kan sínú ìwé ààbò kò tíì tó, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣì lè mú un lọ sí ọjà.

Ilẹ̀ píìtì wà ní Èkó pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń tà á. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́lé máa ń bá a pàdé nínú àwọn àbàtà tí ó yí ọ̀sà ká, lábẹ́ igi ògùrọ̀, igi àbùrà àti àwọn igi mìíràn tí ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò nínú omi. Lójú oníṣòwò ilé, ìdọ̀tí lásán ni, nítorí pé kò lè ru ẹrù: bí ilé bá jókòó lé e, yóò máa rì, ògiri yóò sì máa sán. Nítorí náà ni katakátá yóò ṣe wọ inú àbàtà náà, tí yóò bu ilẹ̀ dúdú náà jáde. Òórùn rẹ̀ a máa rí bí ti ẹyin tí ó ti bàjẹ́, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ ya á yóò rí iṣan ewé ògùrọ̀ nínú rẹ̀ tí kò tíì jẹrà, bí ó tilẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí àwọn baba ńlá ẹni tó ń ya á tó dáyé. Tíípà yóò gbé e lọ dà sí ibi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ yóò ti parí iṣẹ́ tí omi kò jẹ́ kí ó parí láti ọdún gbọọrọ, púpọ̀ nínú kábọ́ònù inú rẹ̀ yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò da yanrìn sínú kòtò tí ó ṣẹ́ kù. Níbi yìí ni ìṣòro Èkó ti yàtọ̀ sí ti àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù tàbí ti Congo, nítorí pé ilẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ń ba ibi méjì jẹ́: àbàtà tí wọ́n wú ilẹ̀ dúdú rẹ̀ kúrò, àti ìsàlẹ̀ omi tí wọ́n ti lọ kó yanrìn tí wọn yóò fi dí i.

Kì í ṣe gbogbo yanrìn ni ó dára fún ilé kíkọ́. Iyọ̀ wà nínú yanrìn òkun, iyọ̀ náà sì máa ń jẹ irin tí wọ́n fi há inú kọnkéré; yanrìn aṣálẹ̀ ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé e yí títí ó fi di róbótó, kò lè di ara rẹ̀ mú. Yanrìn odò àti ti ọ̀sà, tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sáǹdì, ni gbogbo ènìyàn ń wá kiri. Ìròyìn tí àjọ ètò àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022 ṣírò rẹ̀ pé yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí aráyé ń lò lọ́dọọdún tó àádọ́ta bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, èyí tí ó sọ yanrìn di ohun tí aráyé ń lò jù lẹ́yìn omi.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wà á ní Èkó. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn òmùwẹ̀ tí ń fi ọwọ́ wà á, tí ọkọ̀ ojú omi wọn kún etí ọ̀sà ní Bárígà àti Ọ̀wọ̀rọ̀nṣòkí. Ọkùnrin kan yóò di àkàbà onígi tí wọ́n gúnlẹ̀ sínú omi mú, yóò sé èémí, yóò sì fi ẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú garawa irin lọ́wọ́. Nínú òkùnkùn tí kò ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀, yóò bu yanrìn kún garawa náà, yóò gòkè padà, yóò sì dà á sínú ọkọ̀, omi rẹ̀ a sì máa ro sẹ́yìn. Báyìí ni yóò máa ṣe títí ètè ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, kí wọ́n tó ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, tí afẹ́fẹ́ yóò sì máa tì wọ́n lọ sí èbúté tí àwọn onítíípà ti ń dúró. Iṣẹ́ tí ń pa ènìyàn lára ni, etí a máa dùn wọ́n, àyà a máa dùn wọ́n, omi a sì máa gbé ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bọ́ ilé. Ọ̀nà kejì ni ti ọkọ̀ ńlá afayanrìn, tí ó ń fi ẹ̀rọ ge ìsàlẹ̀ omi, tí ó sì ń fa yanrìn òun omi gba inú páìpù dé orí ilẹ̀. Ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń gbé ní ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ kò lè gbé e fún ọjọ́ gbọọrọ. Òfin tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yóò jẹ́ òfin tí ó mú ẹni tí kò lágbára tí ó sì fi ẹni tí ó lówó sílẹ̀, irú ìyẹn kò sì ní dáàbò bo ọ̀sà kankan.

Ìpalára tí ẹ̀rọ ń ṣe ju ohun tí ojú ń rí lọ. Ihò tí ó bá gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi kì í dúró sójú kan. Yanrìn tí ó wà ní bèbè máa ń ya wá láti dí i, ilẹ̀ ẹni tí ó wà létí omi yóò sì máa ya bọ́ sínú omi pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ògiri rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó ń rú sókè máa ń bo ibi tí èpìyà àti ọ̀bọ̀kún ti ń yé ẹyin, ó sì máa ń dí ojú oòrùn mọ́ àwọn ewéko tí edé àti àkàn ń jẹ. Nígbà àtijọ́, odò a máa gbé yanrìn tuntun wá lọ́dọọdún láti òkè, ṣùgbọ́n ìdídò kì í jẹ́ kí yanrìn kọjá. Ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lórí odò tí ń ṣàn sínú odò Ògùn, wà láàárín òkè tí yanrìn ti ń wá àti ọ̀sà tí wọ́n ti ń wà á. Ohun tí wọ́n ń kó lọ ti pọ̀ ju ohun tí odò lè dá padà.

Àbàtà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń san owó rẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí omi ìdídò Ọ̀yán bá sì kún tí wọ́n ní láti tú u sílẹ̀, odò Ògùn yóò kọjá bèbè rẹ̀, ilẹ̀ àbàtà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò sì gba omi náà sára, tí yóò máa jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí olùgbọ́ ya Ìṣẹ̀rí méjì sọ́tọ̀ níbi yìí: Ìṣẹ̀rí-Olófin ti Alímọ̀ṣọ́ kọ́ ni Ìṣẹ̀rí tí ó wà létí odò Ògùn, lápá ibi tí Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn ti pààlà, níbi tí omi ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn léraléra. Ṣùgbọ́n yanrìn kò mọ ààlà yìí, nítorí pé ẹni tí ń kọ́lé ní Ìṣẹ̀rí kan lè máa ra ohun tí ó ń mú omi wọ ilé ará Ìṣẹ̀rí kejì.

Òfin kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti wà láti ọdún 1992, ó sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá, kí ó kọ́kọ́ fi hàn ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí ilẹ̀, omi àti ènìyàn. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 ka yanrìn mọ́ àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó nílò ìwé àṣẹ, ó yọ ibi ìsìnkú àti ibi mímọ́ sílẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n lè wà, ó sì pa á láṣẹ kí ẹni tí yóò wakùsà bá àwọn onílẹ̀ ṣe ìwé àdéhùn lórí ìdàgbàsókè ìlú wọn. Ní ọdún 2009, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà kan jáde tí ó dá lórí ààbò ilẹ̀ àbàtà, bèbè odò àti etí adágún, àjọ NESREA ni ó sì wà fún ìmúṣẹ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni ọwọ́ ẹni tí àṣẹ wà. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kùsà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àjọ NIWA ni ó sì ń darí ojú omi tí ọkọ̀ ń gbà. Èkó àti ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù, títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ojú omi wọ̀nyí. Ìdájọ́ náà parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ilẹ̀ tí yóò ya bọ́ sínú omi ṣì jẹ́ ti ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ tí ó fà á lè wá láti Àbújá.

Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ṣe ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Iran ní ọdún 1971, tí orílẹ̀-èdè tí ó bá fọwọ́ sí i yóò fi yan àwọn àbàtà pàtàkì tí yóò máa dáàbò bò. Nàìjíríà ní 11 nínú irú àbàtà bẹ́ẹ̀, láti adágún Chad dé adágún Ògúta, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ tí omi yí ká lọ́tùn-ún lósì. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó wà nítòsí, adágún Nokoué, ọ̀sà Pọ̀tó-Nóvò àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé ti wà lábẹ́ àdéhùn náà láti ọdún 2000, àwọn apẹja ibẹ̀ sì ṣì ń gbé ibẹ̀, wọ́n ṣì ń pẹja. Ohun tí Èkó ní ni ọgbà ìdáàbòbò ti Lẹ́kkí, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 78, tí àjọ ìdáàbòbò ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní NCF dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, níbi tí ọ̀bọ, ọ̀nì àti awọ́nríwọ́n ti ń gbé nínú àbàtà tí ilé àti títì ti yí ká. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ó kéré.

Àwọn Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọgbọ́n yíya ilẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ ìwé ààbò sílẹ̀ ni igbó orò àti igbó imọlẹ̀ ti wà, tí a kì í dá oko sí, tí a kì í sì í dẹ ọdẹ nínú wọn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, jẹ́ ibi tí ẹja pàápàá kò ṣeé pa. Ìfohùnṣọ̀kan àwọn ará ìlú lórí ààlà rẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí igbó náà wà títí di òní. Òótọ́ ni pé ààlà náà kò lè dá omi dúró, nítorí pé àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ odò Ọ̀ṣun di ẹlẹ́rẹ̀ láti òkè wá, tí olùfọkànsìn tí ó lọ bu omi níbẹ̀ sì ń bu omi pupa. Ìyẹn ni ó fi hàn pé ààlà ibi tí a dáàbò bò gbọ́dọ̀ gùn dé ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá.

Igbó-ọba Òmò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ètò tí ó sún mọ́ èyí. Ó ti wà lábẹ́ ààbò láti ọdún 1925, ó sì wọ inú ètò UNESCO ní ọdún 1977, lábẹ́ ìlànà tí ó pín irú igbó bẹ́ẹ̀ sí ìpele mẹ́ta: àárín gbùngbùn tí a kì í fọwọ́ kàn, àyíká rẹ̀ tí a ń lo díẹ̀díẹ̀, àti ìpele òde tí àwọn ènìyàn ti ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Agẹgi àti olóko kòkó ti wọ inú Òmò gan-an, erin tí ó kù níbẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò gbà, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ kò tó. Síbẹ̀ ìlànà ìpele mẹ́ta náà ni ó yẹ kí wọ́n gbé lé orí ọ̀sà Èkó àti ọ̀sà Ológè. Kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi hàn ní gbangba ibi tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dé láéláé, bíi bèbè, ibi ìyéyin ẹja àti àbàtà píìtì. Kí ó tún fi ibi tí òmùwẹ̀ ti lè wa yanrìn ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wà á hàn. Kí ó sì fi ibi jíjìn tí ẹ̀rọ ti lè ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n ń wọ̀n hàn. Gbígbé ìwọ̀n ìwakùsà àti ìdáàbòbò yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbàkigbà tí oníṣẹ́ bá mú ìwé wá, kò lè so èso rere kan, nítorí pé owó tí ó wà nílẹ̀ lónìí yóò máa borí ẹja tí yóò yé ẹyin lọ́dún tí ń bọ̀.

Àwọn tí ń jẹun nínú iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ di ẹni ìgbàgbé. Ilé-iṣẹ́ Bord na Móna ti ìjọba Ireland, tí ó ti ń gbẹ́ píìtì láti àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, kéde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021 pé òun ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, ìjọba sì ti ya 108 mílíọ̀nù owó yúrò sọ́tọ̀ láti mú nǹkan bí hẹ́kítà 33,000 àbàtà bọ̀ sípò. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ náà ni wọ́n ti gba àwọn kan padà láti dí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́, kí omi lè padà sí àbàtà. Òmùwẹ̀ Bárígà mọ ìsàlẹ̀ ọ̀sà ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ni ó tọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà fún iṣẹ́ ṣíṣọ́ bèbè, gbígbin igi etí omi àti wíwọn bí ìsàlẹ̀ omi ṣe ń jìn sí i.

Ọ̀nà tí yóò dín yanrìn odò kù sì wà nítòsí Alímọ̀ṣọ́. Lẹ́búlẹ́bú òkúta tí ó ń ṣẹ́ kù ní ibi ìfọ́kùúta ní Abẹ́òkúta àti àyíká rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sítóònù dọ́ọ̀sì, ni àwọn alábúlọ́ọ̀kù kan ti ń pò mọ́ yanrìn. Àjọ NBRRI, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, ní ibùdó ní Ọ̀tà, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ tẹ ilẹ̀ pupa pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù tí kò nílò yanrìn odò púpọ̀. Ilẹ̀ pupa náà kò sì ní kí wọ́n má gbẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ó nílò ìwé àṣẹ àti àtúnṣe ilẹ̀ tirẹ̀.

Ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè tí òfin ọdún 2007 béèrè, àwọn tí wọ́n ń wa ilẹ̀ wọn nìkan ni ó mọ̀. Kò fún ìlú tí ń ra yanrìn láyè láti sọ ohunkóhun. Ìṣẹ̀rí-Olófin wà lára àwọn tí ń rà á, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún un ni ọjà. Ibi tí ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ fúnra wọn ń gbé jáde: bí ìwé iṣẹ́ kíláàsì, gọ́tà tàbí ilé ìwòsàn kékeré kan bá ní kí agbaṣẹ́ṣe mú ẹ̀rí wá nípa ibi tí wọ́n ti wa yanrìn rẹ̀ àti ìwé àṣẹ ibẹ̀, agbaṣẹ́ṣe yóò béèrè lọ́wọ́ alábúlọ́ọ̀kù, alábúlọ́ọ̀kù yóò béèrè lọ́wọ́ onítíípà, onítíípà yóò sì ní láti béèrè ní èbúté.